Ọjọ́ Tí Èèpo Ẹ̀pà Di Pósí

Ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun. Èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí. Ta ni kò tíì gbọ́ òwe yìí rí? Bí ọmọdé bá béèrè ọ̀rọ̀ tó ga ju orí rẹ̀ lọ, òun ni àgbà fi ń bẹ̀rẹ̀ èsì. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ ti jókòó rò ó rí pé ta ló kọ́kọ́ gbé ẹ̀lírí, eku tó kéré jù nínú eku, sínú èèpo ẹ̀pà? Kí ló dé tí kì í ṣe igbá, tí kì í ṣe ìkarahun ìgbín? Ojoojúmọ́ là ń pa ẹ̀pà jẹ, tí a ń gbá èèpo rẹ̀ dànù, a ò mọ̀ pé ìtàn wà nínú ohun tí à ń gbá dànù. Ẹ sún mọ́bí, kí ẹ gbọ́ ọ.

Ìlú kan wà lẹ́yìn odò, Àgọ́-Ẹlẹ́pà ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ yanrìn ni ilẹ̀ wọn. Kò gba iṣu, kò sì náání àgbàdo, ṣùgbọ́n bí o bá ju ẹ̀pà sí i, àfi bí ẹni pé ó ti ń retí rẹ̀ láti àná. Àwọn ará ìlú náà ní àṣà kan tí wọn kò ní bá ẹnikẹ́ni pín. Ohun àjèjì kankan kò gbọdọ̀ wọ ìlú àfi bí ẹnìkan bá dúró níwájú Baálẹ̀, tó fi ohun náà wé ohun tí ìlú ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní àlejò tí kò ní ìbátan kankan nínú ìlú, ta ni yóò dúró fún un? Ọjọ́ Àfiwé ni wọ́n ń pe ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Bí agboorùn ṣe wọlé nìyẹn: obìnrin kan ló ní olú tó ń bá èèyàn rìn ni. Bí dígí náà ṣe wọlé nìyẹn: wọ́n ní omi àmù tó dìde dúró tí kò dànù ni. Ológbò pàápàá wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹkùn tí a lè gbé lé itan. Ìlú sì ń gbádùn gbogbo wọn.

Olóyè kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fa àfiwé náà wò, bí obìnrin ṣe ń fa aṣọ tuntun wò lọ́jà bóyá yóò ya. Atúdìí ni oyè rẹ̀. Atúdìí àtijọ́ jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́. Yóò fà á díẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Mo fà á, kò ya," ọ̀rọ̀ a sì parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí oyè náà bọ́ sọ́wọ́ Ògúndìran ọmọ rẹ̀, fífà di yíya. Oníṣòwò kan gbé aago wá, ó ní àkùkọ tó ń gbé ara ògiri ni. Ògúndìran wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Bí ọdún bá dé, ṣé a ó lè pa á jẹ?" Ọkùnrin náà gbé aago rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, ohun tuntun kan kò tún wọ Àgọ́-Ẹlẹ́pà mọ́.

Ògúndìran yìí ló bí Àwẹ̀ró. Bí ẹ bá rí bàbá tó ń ya àfiwé, tó sì bí ọmọ tí kò lè la ẹnu láìfi nǹkan wé nǹkan, ẹ ó mọ̀ pé Ọlọ́run máa ń ṣàwàdà. Bí kùrukùru bá bo odò láàárọ̀, Àwẹ̀ró a ní, "Bàbá, odò ti dáná." Bàbá rẹ̀ a ní, "Odò kò ní àdògán." Bí òṣùpá bá lé, Àwẹ̀ró a ní ẹnìkan ti bu òṣùpá jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá rẹ̀ a ní, "Ta ni?" Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Ògúndìran, nìkan ló máa ń bá ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Àwẹ̀ró ń sùn, nínú yàrá tí a kì í ti ilẹ̀kùn rẹ̀, nítorí pé Ìyá Àgbà kò fẹ́ ilẹ̀kùn títì rárá. Ọ̀gànjọ́ ni o, ìgbà ọyẹ́ ni o, ilẹ̀kùn rẹ̀ a máa ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, gbẹ́nàgbẹ́nà kan láti ìlú etí òkun ti ń gbé láàárín wọn. Ọnàwùmí ni orúkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò nílò àfiwé, nítorí èèyàn jọ èèyàn. Ó kan ilẹ̀kùn fún wọn, ó gbẹ́ àpótí ìjókòó fún àwọn ìyálé, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì dán. Ọ̀rọ̀ òun àti Àwẹ̀ró ti wọ̀. Kò ku nǹkan kan bí kò ṣe kí alárinà lọ kan ilẹ̀kùn Ògúndìran, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́ ló ń sọ pé inú ń run òun.

Nígbà tí òjò dé, ahunṣọ kan kú. Ẹní ni wọ́n fi ń di òkú ní Àgọ́-Ẹlẹ́pà, wọn kò mọ ohun mìíràn. Kí wọ́n tó gbé ọkùnrin náà dé ojú oórì, omi ti kún un. Ọnàwùmí dúró níbẹ̀, ó ń wo bí ẹní ṣe ń fa omi mu, inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Ó padà sí abẹ́ igi ọ̀dán níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ó la pákó ìrókò, ó kan pósí kan gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Kò kàn án fún ẹnì kankan. Ó kàn án sílẹ̀ de òjò mìíràn ni.

Àwọn tó ń kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ọnàwùmí kò sì mọ irọ́ pa. Kí oúnjẹ alẹ́ tó jiná, gbogbo ìlú ti gbọ́ pé àlejò ti ń kan túbú fún òkú.

Àwẹ̀ró sáré bá a lábẹ́ igi ọ̀dán. Ó ní, "Ṣé o mọ ohun tí o ṣe sí wa? Kí ló dé tí o kò sọ pé àpótí ẹ̀pà ni?"

"Wọn ìbá kó ẹ̀pà sínú rẹ̀, Àwẹ̀ró. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá mọ̀, ṣé ẹ̀pà yẹn á ṣe é jẹ?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Àwẹ̀ró bẹ́ẹ̀ ni omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó mọ òfin ìlú. Ohun tí àfiwé rẹ̀ bá ya, òun àti olówó rẹ̀ ni yóò jáde lọ́jọ́ kan náà, kí adìẹ tó wọlé. Ẹni tí ìlú bá sì ti mú jáde báyẹn kì í padà wá fẹ́ ọmọ ìlú. Bàbá tirẹ̀ gan-an ni yóò fa àfiwé ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ya.

Ọjọ́ Àfiwé pé. Gbogbo ìlú jókòó sí àgbàlá Baálẹ̀. Wọ́n gbé pósí náà sí àárín, àwọn tó sún mọ́ ọn sì ń wò ó bí ẹni ń wo ajá tí a kò mọ olówó rẹ̀.

Baálẹ̀, àgbà tí ohùn rẹ̀ kì í ga, béèrè pé, "Àlejò wa, kí ni ohun rẹ jọ?"

Ọnàwùmí dọ̀bálẹ̀, ó dìde. "Ó jọ ilé, Bàbá. Ilé ẹni tó ti lọ."

Ògúndìran ká apá agbádá rẹ̀ lé èjìká. "Ilé? Ojú fèrèsé rẹ̀ dà? Ibo ni wọ́n ti ń dáná? Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, ṣé òkú ni yóò ṣí i?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọnàwùmí nu ojú. "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ pé àpótí aṣọ ni."

"Aṣọ tí a bá kó sí àpótí, a ń padà wá kó o bí ọdún bá dé ni. Ìwọ, ta lo fẹ́ padà wá kó?"

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Obìnrin kan fi ọwọ́ bo ojú ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ọkọ̀ ojú omi ńkọ́?" Ohùn Ọnàwùmí ti lọ sílẹ̀.

"Ta ló ń tù ú?"

Baálẹ̀ wo ojú ọ̀run, ó wo ọmọkùnrin náà, àánú rẹ̀ ṣe é. Ó ní, "Oòrùn ti kan àtàrí, ebi ò sì jẹ́ kí àgbà gbọ́ràn dáadáa. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun. Bí oòrùn bá rọlẹ̀, tí a kò bá rí àfiwé tó yi, kí àlejò wa gbé ohun rẹ̀ kó máa lọ ní àlàáfíà."

Nílé, Ògúndìran kò jẹun. Ó fi ìka ro ọkà tó wà níwájú rẹ̀, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá dúró sí àgbàlá níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń pa ẹ̀pà tí wọn yóò gbìn.

Ìyá Àgbà kò gbé ojú sókè. "Wọ́n ní o ya ọmọ ọlọ́mọ bí àkísà lónìí."

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ kì í jẹ́ kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ yín láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Lọ́jọ́ tó bá di ọjọ́ náà, ṣé èmi ni n ó wá kan pákó mọ́ yín lójú?"

Ó sọ èyí tán, ó sì jáde kíá bí ẹni tó ti sọ ju ohun tó fẹ́ sọ lọ. Àwẹ̀ró tó wà nídìí ìkòkò irúgbìn gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ti rò pé líle ni bàbá òun le. Kò mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á.

Ó ki ọwọ́ bọ inú ìkòkò láti bu ẹ̀pà sí i, ó sì fa ọwọ́ yọ. Ọmọ ẹ̀lírí kan ló bá nínú rẹ̀, ó ti kú, kò ju àtàǹpàkò lọ, ikùn rẹ̀ yó róńdó.

Ìyá Àgbà yọjú wò ó. "Áà! Ó jẹun yó, ó sùn lọ. Ta ló rí irú ikú yẹn tí kò ní í gbà á? Jù ú sí ààtàn, ọmọ mi."

Àwẹ̀ró kò jù ú. Ó ń wò ó nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń wo gbogbo nǹkan, bí ẹni tó ń wá ohun tí yóò fi wé. Èèpo ẹ̀pà ńlá kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó là sí méjì dọ́gba. Ó mú ìdajì kan, ó tẹ́ eku náà sínú rẹ̀, ó ká ìrù rẹ̀ wọlé, ó fi ìdajì kejì dé e. Kò tóbi jù, kò sì kéré.

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú. "O sin ín bí ọba! Ìyàwó rẹ̀ kò ní í lè sọ pé a fi òkú ọkọ òun wọ́lẹ̀."

"Ìyá Àgbà, ṣé kò há mọ́ ọn?"

"Há kẹ̀? Àfi bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó gbìn ín." Ó gba èèpo náà, ó ń yí i lọ́wọ́, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Lọ́jọ́ tí a sin bàbá bàbá rẹ, mo gbọ́ bí erùpẹ̀ ṣe ń bà lórí ẹní. Ojú rẹ̀ ni mo ń rò. Ọkùnrin tí kì í fẹ́ kí eruku kan òun lójú."

Ó na ọwọ́. "Gbé ọ̀pá mi fún mi. Mo mọ ibi tí ọkàn rẹ ń lọ, ẹsẹ̀ mi náà ń lọ síbẹ̀."

Oòrùn ti rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n dé àgbàlá. Ọnàwùmí ti di ẹrù rẹ̀, ayùn rẹ̀ wà lápá. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ níwájú Baálẹ̀.

"Àwẹ̀ró!" Ògúndìran dìde. "Ta ló rán ọ wá síbí?"

"Èmi ni," ni Ìyá Àgbà wí láti ẹ̀yìn. "Èmi tí mo bí ẹni tó ń béèrè."

Ẹ̀rín sọ lágbàlá. Ògúndìran jókòó padà.

Àwẹ̀ró na èèpo ẹ̀pà náà sí Baálẹ̀, ó sì ṣí i. "Bàbá, ẹ̀lírí rèé. Inú irúgbìn wa ló kú sí, mo sì tẹ́ ẹ sínú èèpo yìí. Pósí Ọnàwùmí kò ju báyìí lọ. Ohun tó bá òkú mu ni, tó bò ó, tí erùpẹ̀ kò fi ní í bà á lójú. Gbogbo wa là ń gbin ẹ̀pà. Nínú èèpo ni ẹ̀pà ń gbé nínú ilẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ rí pé ẹ̀pà wà ní túbú."

Kùn-ùn gba àgbàlá kan. Àwọn àgbà ń na ọrùn wo eku náà. Ògúndìran tún dìde. "Ẹ̀pà tó wà nínú èèpo, a ń hú u bó bá gbó ni. Ṣé a ó máa hú òkú?"

Àwọn èèyàn mí kanlẹ̀. Ó ti ya, bí gbogbo wọn ṣe ń ya. Ọnàwùmí bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù rẹ̀ kọ́ èjìká.

Àwẹ̀ró kò dìde lórí orúnkún rẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ dárí jì mí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, Ìyá Àgbà gbé mi sókè, wọ́n ní mo jọ yín, gbogbo ìlú sì gbà. Ṣé ẹnìkan béèrè irùngbọ̀n lọ́wọ́ mi?"

Ẹ̀rín tó sọ lágbàlá lọ́jọ́ náà, wọ́n ní àwọn tó ń pọn omi lódò gbọ́ ọ. Baálẹ̀ fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀. Irùngbọ̀n Ògúndìran, tó gùn dé àyà, ń mì bí ó ṣe ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín.

"Ohun tó jọ ohun kì í ṣe ohun náà, bàbá mi. Ibi tó ti jọ ọ́ là ń mú. Ibi tí kò ti jọ ọ́, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Èèpo ẹ̀pà kò jọ pósí nínú híhú. Ó jọ ọ́ nínú bíbò."

Kì í ṣe Àwẹ̀ró ni Ògúndìran wò, ìyá rẹ̀ ni. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́. "Ìyá, ó ní ìdérí. Ẹ kì í sì í fẹ́ ilẹ̀kùn títì."

Ìyá Àgbà fi ọ̀pá rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ògúndìran, nígbà tí o wà ní ọ̀dọ́, o máa ń pẹ́ lóko. Mo ń ṣí ilẹ̀kùn kí n lè gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ bí o bá dé, ó sì mọ́ mi lára. Lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ, èmi ni mò ń jáde, kì í ṣe ìwọ lò ń wọlé. Ti ilẹ̀kùn náà, ọmọ mi. Òtútù a máa mú lábẹ́ ilẹ̀." Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí Ọnàwùmí. "Ṣùgbọ́n kí ọkọ ọmọ rẹ kan tèmi fẹ̀ díẹ̀ o. Mo máa ń yí lójú oorun."

Ọkọ ọmọ rẹ! Kò tíì sí alárinà tó kan ilẹ̀kùn, kò sì sí ẹni tó bá a jiyàn. Ògúndìran rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ sínú irùngbọ̀n tí wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà. Ó gbé ọwọ́ sókè gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti máa ń ṣe láyé àtijọ́.

"Mo fà á," ló wí, "kò ya. Ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun."

Baálẹ̀ gbé èèpo náà sókè kí gbogbo ìlú lè rí i. Ó dáhùn pé, "Èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí."

Báyìí ni pósí ṣe wọ Àgọ́-Ẹlẹ́pà, tí Ọnàwùmí sì tú ẹrù rẹ̀. Aago náà padà wá kí ọdún tó yí po, ó ń kọ lára ògiri Baálẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n pa á jẹ. Ọnàwùmí kan pósí Ìyá Àgbà fífẹ̀ bó ṣe fẹ́ ẹ. Ìyá náà kò tètè lò ó. Irúgbìn ẹ̀pà ló ń kó sínú rẹ̀ kí eku má baà dé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ìkórè ló sì fi gbádùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀pà náà sì ṣe é jẹ dáadáa.

Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ kan bá jinlẹ̀ tí a kò lè fi ọwọ́ tọ́ka sí i, tí àgbà sì fẹ́ kí ó yé ọmọdé tàbí àlejò, ohun kékeré tí onítọ̀hún ti mọ̀ nílé ara rẹ̀ ni yóò mú, tí yóò sì fi wé e. Bí ẹnìkan bá wá ń fa àfiwé náà ya, tó ń wá irùngbọ̀n lójú ọmọ ìkókó, àgbà yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì rán an létí pé a kò sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n, jíjọ ni wọ́n jọra: ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun; èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí.